Ilé-Ìwé Ẹlẹ́nu Ọ̀nà Kan

Nígbà tí Olúwaṣìkẹ́mi Fẹ́kọ́mi kọ́kọ́ dé ilé-ìwé Alàgbà Ṣóbọ̀wálé ní Ìgándò, kì í ṣe owó oṣù ló mú un gba iṣẹ́ náà, yàrá ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Òun àti Jésùtóbi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn nígbà náà, ń sùn ní pálọ̀ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti ń rí i lójú obìnrin náà pé àlejò ti pẹ́ jù. Alàgbà mú un lọ sẹ́yìn ilé-ìwé, ó ṣílẹ̀kùn yàrá kan hàn án, ó ní, "Mìsíìsì Fẹ́kọ́mi, ẹ máa gbé ibí. Ọmọ yín náà á máa kàwé lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́." Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó dúpẹ́ bíi pé wọ́n kọ́lé fún un. Ọdún mẹ́fà nìyẹn.

Ilé tí èèyàn ń gbé ni ilé-ìwé náà tẹ́lẹ̀. Ilé alájà mẹ́ta ni, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ló ní, irin wà lójú gbogbo fèrèsé, fẹ́ǹsì rẹ̀ sì ga débi pé igi máńgòrò tó wà lójúde nìkan ni àwọn ọmọ ń rí láti kíláàsì ìsàlẹ̀. Géètì irin kan ni wọ́n ń gbà wọlé, òun náà ni wọ́n ń gbà jáde. Tó bá ti di aago mẹ́jọ àárọ̀, Bàbá Gàníyù tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á fi àgádágodo tì í, kò ní ṣí i mọ́ títí di aago méjì ọ̀sán.

Ká sọ tòótọ́, àwọn òbí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún tí ariwo gbọ́mọgbọ́mọ gba gbogbo Ìgándò dé Ìṣẹ̀rí-Olófin, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní àwọn ò ní fọkàn balẹ̀ àfi tí géètì bá wà ní títì. Alàgbà gbà fún wọn. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ rí i pé títì náà wúlò: tíṣà kan ò lè yọ́ jáde lọ ra oúnjẹ, ọmọ tó bá sì pẹ́ dé á dúró síta kí gbogbo àdúgbò rí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Ṣìkẹ́mi tó ń gbé inú ọgbà gan-an, tó bá fẹ́ ra ata lọ́jọ́ Sátidé, á kọ́kọ́ lọ jí Bàbá Gàníyù.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù, èyí tó fara ti fẹ́ǹsì ilé-ìwé, gbiná. Ó tó aago mọ́kànlá àárọ̀. Èéfín dúdú gun orí fẹ́ǹsì, ó wọ fèrèsé, kò sì pẹ́ tí ẹni tó wà lókè kò fi rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ mọ́. Àwọn tíṣà kó àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà yẹn. Nígbà tí wọ́n dé géètì, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, Bàbá Gàníyù ò sí níbẹ̀. Alàgbà ti rán an lọ sí Ìkòtún lọ ra epo dísù fún jẹnẹrétọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Wọ́n pe fóònù rẹ̀. Abẹ́ àga tó máa ń jókòó sí lẹ́nu géètì ni fóònù náà ti ń dún.

Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú, àwọn tó wà níwájú sì ti lẹ̀ mọ́ irin. Ṣìkẹ́mi ń pariwo kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n dojú bolẹ̀, ó ń fa omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń dà á sí wọn lára. Àwọn ará òpópónà ń da yẹ̀pẹ̀ lé iná. Ọkùnrin kan gbé irin wá, ó ń lu àgádágodo náà láti ìta, ó lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kò já. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wà nínú èéfín náà. Nígbà tí Bàbá Gàníyù sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹlòmíràn ló já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí géètì.

Kò sẹ́ni tó kú. Ọmọ kan tó ń jẹ́ Al-Ameen, tó wà ní kíláàsì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, ni kò lè mí dáadáa. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nílé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé e wálé.

Lọ́jọ́ kejì, Alàgbà kó àwọn tíṣà jọ. Ó gbàdúrà tó gùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun tí Ọlọ́run bá ti bò, ẹ má jẹ́ ká tú u. Èéfín díẹ̀ ló wọlé. Ohun tí a máa sọ nìyẹn." Aago mẹ́jọ lù, Bàbá Gàníyù sì ti géètì.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni ìwé kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọdé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Ààrẹ ní èdè abínibí wọn, kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn lórí bó ṣe yẹ kó tún ìlú ṣe. Èyí tó bá dára jù ní gbogbo Alímòṣọ́, ọmọ tó kọ ọ́ ló máa kà á lọ́jọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé, níwájú ẹni tó máa ṣojú Ààrẹ. Ṣìkẹ́mi ló ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, òun náà ló ń kọ́ wọn ní Yorùbá, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé náà bọ́ sí.

Ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ má kọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú tẹlifíṣàn o. Ohun tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ kọ."

Wọ́n kọ ọ́. Testimony ní kí Ààrẹ máa sùn dáadáa, nítorí ìyá òun tí kò bá sùn, gbogbo ilé ló máa ń nà. Olúwapẹ̀lúmi ní kí Ààrẹ wá sí ọ̀nà Ìpájà lásìkò òjò, kó má gbé ọkọ̀ wá, kó fẹsẹ̀ rìn. Abdulganiyy ní kí wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń jí wáyà iná, kí wọ́n fi wọ́n síṣẹ́ títún iná ṣe, torí pé wọ́n ti mọ wáyà dáadáa. Ṣìkẹ́mi ń kà á, ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì tó ti ṣófo. Ìgbà tó dé orí ti Hamdalah ni ẹ̀rín tán.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Hamdalah, ọmọ jẹ́jẹ́ tí kì í nawọ́ sókè àfi tó bá dá a lójú. Ṣàfíù, baba rẹ̀, jẹ́ wẹ́dà tó ń jó irin, láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Al-Ameen tí èéfín dá dùbúlẹ̀ ni àbúrò rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Sí Ààrẹ wa ọ̀wọ́n. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, sà. Mo mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà ti gbà yín nímọ̀ràn púpọ̀, nítorí náà tèmi ò pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe òfin pé ilé tí wọ́n bá ń kó ọmọdé sí gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà méjì. Tí iná bá gba ọ̀kan, a lè gba èkejì. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa mú kọ́kọ́rọ́ dání, torí ẹni náà lè rìnrìn àjò. Nílé-ìwé wa, èéfín wọlé, a ò lè jáde. Àbúrò mi bi mí pé ṣé a máa kú ni. Mo sọ fún un pé rárá. Irọ́ ni mo pa, sà, torí mi ò mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ kankan tún pa irú irọ́ yẹn fún àbúrò ẹ̀. Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Èmi ni Hamdalah Ṣàfíù."

Ṣìkẹ́mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn márùn-ún tó máa fi ránṣẹ́, ó tún dá a padà. Nígbà tó kó wọn dé ọ́fíìsì, Alàgbà ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó fọwọ́ sí i láìwò ó, ó sì fi orí sọ fún un pé kó máa lọ. Bí Ṣìkẹ́mi bá sọ̀rọ̀ níjọ́ yẹn, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má dé ibi tó dé. Kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà náà, kò lè sọ pé òun ò mọ ohun tí òun ń ṣe, kò sì lè sọ pé òun mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni èsì dé pé lẹ́tà Hamdalah ló gba ipò kìíní. Alàgbà pe gbogbo ilé-ìwé jọ, ó gbé ọmọ náà dúró lórí àga, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní kí wọ́n lọ tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ ńlá tí wọ́n máa kọ́ sí géètì. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ yẹn fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, kí ọmọ lè máa fi dánra wò. Ìgbà yẹn ló tó kà á.

Ó ránṣẹ́ pe Ṣìkẹ́mi.

"Mìsíìsì Fẹ́kọ́mi, ẹ jókòó. Ṣé ẹ ka lẹ́tà yìí kí ẹ tó gbé e wá bá mi?"

"Mo kà á, sà."

"Ẹ kà á." Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Kò bínú, ó kàn jọ ẹni tí ó ti rẹ̀. "Ẹ ń gbọ́ mi, mi ò ní kí ọmọ purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣojú Ààrẹ bá gbọ́ èyí, lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì pé wọ́n ti tì wá pa. Tíṣà méjìdínlógún ló ń jẹun níbí. Ọ̀ọ́dúnrún ọmọ. Níbo ni wọ́n máa lọ?"

"Sà, tí a bá kàn ṣe ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn wo? Ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà lẹ́yìn." Ó gbé dígí náà padà sójú. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, Ṣìkẹ́mi ṣàkíyèsí pé kò sọ "ẹ" mọ́. "Ìwọ gan-an, níbo lo máa gbé ọmọ ẹ sùn? Kọ òmíràn. Jẹ́ kó jọ ẹnu ọmọdé. Kó dúpẹ́, kó ní kí wọ́n gbin igi, kí wọ́n fún wọn ní kọ̀ǹpútà. Lọ́la ni mo fẹ́ rí i."

Ṣìkẹ́mi padà sí yàrá rẹ̀. Jésùtóbi ń jẹ ẹ̀wà lórí ẹní. Ṣìkẹ́mi gbé àpótí síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò gbà á ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù, pé ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ náà ń wá fúnra rẹ̀: baba rere, ọ̀la wa, igi tútù, ẹ̀rọ ìgbàlódé. Ó mọ gbogbo rẹ̀ sórí bí ẹni tó ti ń kọ ọ́ láti kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n jáde ilé-ìwé, ó dá Hamdalah dúró, ó fún un ní ìwé náà. Ọmọ náà kà á tán, ó fi ìka tọ ìlà ìgbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí.

"Àǹtí, ṣé irọ́ wà nínú èyí tí mo kọ ni?"

"Rárá."

"Àbí kò dáa?"

"Ó dáa. Òun ló gba ipò kìíní."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n pààrọ̀ ẹ̀ ni, Hamdalah. Èmi kọ́ ni mo ni ilé-ìwé."

Ọmọ náà wò ó, kò fi ojú àrífín wò ó, bí ẹni tó ń yanjú ìṣirò ló ṣe ń wò ó. "Tí ẹ bá fẹ́ jáde, Bàbá Gàníyù lẹ̀yin náà máa ń bẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa, mà," Hamdalah wí, ó sì ká ìwé náà sínú báàgì. "Màá kọ́ ọ sórí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Ṣìkẹ́mi gbádùn. Ní ọjọ́ Sátidé ó lọ bá Ṣàfíù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mọ̀dínátù, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń ṣa ìrẹsì. Ṣìkẹ́mi ro gbogbo rẹ̀ fún wọn láìfi ọ̀kan pamọ́, àti èyí tó tì í lójú. Ó ń retí pé kí Ṣàfíù bínú, kó sọ pé ọmọ òun ò ní ka nǹkan tí kò kọ. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́rùn òun nìyẹn.

Ṣàfíù tẹ orí ba.

"Àǹtí, èmi ni mo jó géètì yẹn. Àwọn irin ojú fèrèsé náà, iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí mò ń ṣe é, mo sọ fún Alàgbà pé kí a dá ilẹ̀kùn kékeré sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ní kò pọn dandan. Mi ò tún sọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ ni mò ń wá." Ó gbé irin kan nílẹ̀, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó ka èyí tí wọ́n fún un jàre. Ẹni tó gbé ilé ńlá, ta ló máa bá a jà?"

Mọ̀dínátù kò gbójú sókè nínú ìrẹsì. "Al-Ameen ò gbà kí n ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mọ́," ó wí. "Ó ní kí n máa fi sílẹ̀ kí òun máa rí ìta."

Ṣìkẹ́mi dìde, ó ní òun ń lọ.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé, wọ́n kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè é, aago kan ọ̀sán ni àlejò dé. Láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde, wọ́n ní àlejò lè dé nígbàkúgbà. Afẹ́fẹ́ ò wọlé. Àwọn ọmọ kéékèèké ń sùn lé ara wọn. Alàgbà jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Ṣìkẹ́mi nínú agbádá funfun, ògiri wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ṣàfíù pa iṣẹ́ tì lọ́jọ́ náà, ó dúró sẹ́yìn pátápátá láàárín àwọn òbí.

Obìnrin ni ẹni tó wá ṣojú Ààrẹ. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì jọ ẹni tó fẹ́ràn ọmọdé lóòótọ́. Wọ́n pe Hamdalah. Ó gun orí pèpéle nínú híjáàbù funfun, ó ṣí ìwé, ó kà á. Ó kà á dáadáa ju bí Ṣìkẹ́mi ṣe kọ ọ́ lọ. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti sinmi, ó mọ ibi tó yẹ kó ti gbé ohùn sókè. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Alàgbà pàtẹ́wọ́ títí òógùn fi yọ lójú rẹ̀.

Obìnrin náà fà á mọ́ra. "O ṣeun, ọmọ mi. O kọ ọ́ dáadáa. Yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé, kí lo fẹ́ kí n bá ọ sọ fún Ààrẹ? Láti ẹnu ara rẹ."

Kò sẹ́ni tó retí ìbéèrè yẹn. Ojú Hamdalah ń wá nǹkan kiri láàárín èrò, nígbà tó sì rí Ṣìkẹ́mi, ó dúró lórí rẹ̀, bí ọmọ ṣe máa ń wo ìyá rẹ̀ kó tó gba ẹran lọ́wọ́ àlejò. Ó ń tọrọ àyè. Ṣìkẹ́mi mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ bí Alàgbà ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rántí ẹní tí Jésùtóbi ń sùn lé, ó rántí pálọ̀ obìnrin yẹn, ó sì wo ilẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, mà," Hamdalah wí.

Atọ́kùn ètò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń pe ilé-ìwé tó kàn. Hamdalah ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pèpéle, ó rọra ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó má baà ṣubú. Ìgbà yẹn ni Ṣìkẹ́mi rí i pé òun ti dìde dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà." Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ó tún un sọ pẹ̀lú ohùn tó fi ń pe kíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Lẹ́tà tí ọmọ yẹn kà, èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ ló gba ipò kìíní, èmi ni mo pààrọ̀ ẹ̀."

Alàgbà rọra sọ pé, "Mìsíìsì Fẹ́kọ́mi, jókòó." Kò jókòó. Ó di àga iwájú mú.

Obìnrin náà wò ó, ó wo Hamdalah. "Ọmọ, padà wá," ó wí.

Hamdalah padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ ọ́ dáadáa rárá. Ibi tó yẹ kó parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀, láti orí Al-Ameen àti irọ́ tó pa fún un. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó rántí rẹ̀, ó padà sí i. Ó sọ ọ́ pé ilẹ̀ gbóná lábẹ́ ojú òun, pé fóònù ń dún lábẹ́ àga, pé ọkùnrin kan ń lu irin láti ìta. Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà méjì ṣá ni, mà. Tí ẹ bá lè bá wa sọ fún wọn."

"Ilé-ìwé wo lo wí?" obìnrin náà bi í.

Wọ́n ti kọ́ Hamdalah pé ọmọ kì í fẹjọ́ àgbà sùn níta. Ohùn ọkùnrin kan ló jáde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Ṣàfíù ni. "Ilé-ìwé tó ń lọ gan-an ni, mà, ti Alàgbà Ṣóbọ̀wálé ní Ìgándò. Èmi ni mo jó géètì ibẹ̀. Òótọ́ lọ́mọ mi sọ."

Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé kékeré. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Màá jíṣẹ́ náà." Atọ́kùn ètò fi orin sí i, àwọn ọmọ ilé-ìwé kejì sì bọ́ sórí pèpéle wá jó.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi padà sí Ìgándò, Alàgbà jókòó síwájú. Bàbá Gàníyù ṣí géètì fún wọn, wọ́n wọlé, ó tún tì í. Lọ́jọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi bá ìwé lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Bó bá lérò pé àwọn òbí máa gbè é, àwọn díẹ̀ gbè é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá Testimony wá bá a ní ẹnu géètì bó ṣe ń di ẹrù, ó ní, "Àǹtí, mi ò sọ pé ẹ ṣèké. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ibí yìí pa, ta ni mo máa gbé ọmọ fún kí n tó lọ síṣẹ́? Ṣé ẹ rò ó dé ibẹ̀?" Ṣìkẹ́mi ní òun rò ó. Òótọ́ ni. Ó ti rò ó ju gbogbo nǹkan lọ, òun náà ló sì jẹ́ kó wo ilẹ̀ níjọ́ yẹn.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn aláyẹ̀wò ìjọba dé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára géètì gẹ́gẹ́ bí Alàgbà ṣe sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé-ìwé fi wà ní títì. Láàárín ìgbà náà, Alàgbà lọ bẹ onílẹ̀ ẹ̀yìn, ó sì pe Ṣàfíù. Ṣàfíù gé ògiri, ó fi ilẹ̀kùn irin sí i, irú èyí tí èèyàn lè tì jáde láti inú láìlo kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé-ìwé padà, Alàgbà gbàdúrà níwájú ilẹ̀kùn náà, ó ní ó ti wà lọ́kàn òun tipẹ́. Hamdalah ló sọ fún Ṣìkẹ́mi bẹ́ẹ̀ lórí fóònù baba rẹ̀. Òun ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ Al-Ameen kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò wọ inú ọgbà náà mọ́, wọ́n sì ti mú un lọ sí ilé-ìwé kan lọ́nà Ìpájà tí kò ní fẹ́ǹsì rárá.

"Ṣé Ààrẹ ti kọ̀wé sí ẹ?" Ṣìkẹ́mi bi í.

"Rárá, mà. Dádì mi ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún wọn."

Ìlú Àgbàdo ni Ṣìkẹ́mi wà nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ Ìbíyẹmí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kó lọ, nínú yàrá àti pálọ̀ tí Ìbíyẹmí, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin ń gbé. Òun àti Jésùtóbi ń sùn sáàárín àga àti ògiri. Ọkọ Ìbíyẹmí kì í sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá wọlé lálẹ́, á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wá ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí, Ṣìkẹ́mi á sì ká ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ kò. Ó mọ irú ìdúró yẹn dáadáa. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ti rí i gbẹ̀yìn.

Ó ń wá iṣẹ́ kiri. Ilé-ìwé àkọ́kọ́ ní àwọn ò gba tíṣà. Ìkejì ní kó padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin tó ni ibẹ̀ fún un ní omi, ó ka ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ dáadáa, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó wá bi í pé, "Kí ló mú yín kúrò níbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀?"

Ìbíyẹmí ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ: kó ní ọ̀nà jìn. Ó ti ń kọ́ ọ sórí bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, ìtàn náà ló jáde, láti orí ṣọ́ọ̀bù fóòmù títí dé Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin náà tẹ́tí sí i títí dé òpin. Ó ká ìwé-ẹ̀rí náà, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"A máa pè yín," ó wí.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọn ò pè. Ìbíyẹmí ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tó sọ pé, "Ṣebí mo ní kó o sọ pé ọ̀nà jìn."

"Ẹ sọ ọ́," Ṣìkẹ́mi wí. Ó gba kànìnkànìn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá a fọ èyí tó kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi Jésùtóbi sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ Ìbíyẹmí, ó kó ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù kí òjò má baà pa á, ó sì jáde lọ sí ilé-ìwé kẹrin.